Baálé Ilé Kú, Ilé Dahoro: Ìtàn Ojú-ewé Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Lórí Ayélujára

Kí ayélujára tó dé, ara pátákó ìkéde ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń mọ ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé dúró. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lẹ orúkọ àwọn ìwé kíkà mọ́, ibẹ̀ náà ni ọjọ́ ìdánwò àti máàkì ń wà. Bí òjò bá pa ìwé náà, tàbí bí ẹnìkan bá fà á ya, ó di kí ẹni tí kò tètè dé máa bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè. Ní ti ẹ̀kọ́ gan-an, inú fáìlì olùkọ́ ni ó ń gbé, nínú yàrá kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí olùkọ́ náà bá fẹ̀yìn tì, fáìlì á bá a lọ sílé.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó dà bí ẹni pé ìṣòro yìí ti tán. Olùkọ́ lè dá ojú-ewé kan sílẹ̀ lórí ayélujára fún ẹ̀kọ́ kan, kí ó kó ìlànà ẹ̀kọ́, àkọsílẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni sì kà á níbikíbi tí ó bá wà. Ṣùgbọ́n ìtàn irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ kọ́ ayé ní ohun kan: kíkọ́ rẹ̀ kò ṣòro, títọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́. Àwọn àgbà a máa wí pé, àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. Òwe yìí bá ilé alámọ̀ mu, ó sì bá ilé orí ayélujára mu pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, kọ ìwé àbá kan fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn ún kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ fáìlì tí a sọ lókè yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń wá ṣiṣẹ́ ní CERN, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í lò ju ọdún mélòó kan lọ. Bí wọ́n ti ń lọ ni ìmọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ń bá wọn lọ. Àbá tí ó mú wá ni pé kí wọ́n so àwọn àkọsílẹ̀ pọ̀ bí ìtàkùn, kí ènìyàn lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìka orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí.

Nígbà tí ọdún 1990 yóò fi parí, ojú-ewé àkọ́kọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Berners-Lee kéde rẹ̀ fún àwọn ará ìta. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda ìmọ̀ náà fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀, láti ìgbà náà ni ìtàkùn àgbáyé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ojú-ewé àkọ́kọ́ yẹn fúnra rẹ̀. Orí èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ mọ́. Nígbà tí CERN fẹ́ dá ojú-ewé náà padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́ ní ọdún 2013, ẹ̀dà ti ọdún 1992 ni ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó láti lò. Ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ìmọ̀ má baà sọnù kò mọ bí a ti ń tọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀.

Ilé Lágbájá

Ní ọdún 1993 kan náà, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà NCSA ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà gbé Mosaic jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ kí ènìyàn lásán lè máa wo ojú-ewé tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú-ewé fún ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìṣirò àti físíìsì ni ó ṣáájú, nítorí pé ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ wọn.

Iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ yóò ṣí àyè kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì, yóò fi èdè HTML kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èdè tí ń fi àmì kéékèèké sọ fún kọ̀ǹpútà pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, ibí ni kí a tẹ̀ láti lọ sí ojú-ewé mìíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò fún ará ìta ní àyè láti kà á. Nínú àdírẹ́sì rẹ̀, lẹ́yìn orúkọ yunifásítì, àmì kan a máa wà tí ó lọ́ bí ejò kékeré, báyìí: ~. Orúkọ olùkọ́ ni ó ń tẹ̀lé e. Àwọn tí ó bá ti ka Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kì í ṣe àjèjì sí àmì yìí. Òun ni ó ń wà lórí fáwẹ̀lì nínú ọ̀rọ̀ bí “ãnu” kí àkọtọ́ òde-òní tó sọ pé kí a kọ fáwẹ̀lì méjèèjì. Lórí ayélujára, ohun tí àmì náà ń sọ ni pé: ilé lágbájá nìyí.

Inú gbólóhùn yẹn gan-an ni ìṣòro fi ara pamọ́ sí. Ilé lágbájá ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ náà. Lágbájá nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò yí àwọn ọjọ́ padà. Bí ojú-ewé mìíràn tí ó tọ́ka sí bá ti ṣí lọ, òun ni yóò wá ibi tí ó gbà lọ. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìdáhùn iṣẹ́ àṣetiléwá, òun ni yóò tún un ṣe. Iṣẹ́ yìí kò ní orúkọ, kò ní owó oṣù tirẹ̀, kì í sì í sábà wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ ń wò kí wọ́n tó gbé olùkọ́ ga. Ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde ni a ń yìn. Ẹni tí ó jókòó tún ojú-ewé ṣe ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kò ní ẹlẹ́rìí. Nígbà tí lágbájá bá sì lọ sí yunifásítì mìíràn, tàbí tí ó fẹ̀yìn tì, wọn a pa àyè rẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ilé a sì dahoro.

Berners-Lee fúnra rẹ̀ rí i. Ní ọdún 1998 ó kọ àròkọ kan tí ó fi kìlọ̀ pé àdírẹ́sì tí ó dára kì í yí padà. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì kì í dédé bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni ó ń ṣí i nídìí láìro ti ẹni tí yóò wá a wá lọ́la.

Ilé tí yunifásítì kọ́

Ìdáhùn kejì ni pé kí yunifásítì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olùkọ́. Láàárín ọdún 1995 sí 1996, Murray Goldberg, olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, ṣe ètò kan tí ó sọ ní WebCT. Olùkọ́ kò nílò láti mọ HTML mọ́. Ó kàn ń kó ọ̀rọ̀ sínú àyè tí ètò náà ti là sílẹ̀. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Blackboard bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2002, Martin Dougiamas ní Australia gbé Moodle jáde lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Áfíríkà wá ń lò nítorí pé kò ní owó ìwé àṣẹ.

Ètò wọ̀nyí gba olùkọ́ lọ́wọ́ wàhálà, ṣùgbọ́n wọ́n mú ìlẹ̀kùn wá. Ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni ní ayé lè kà tẹ́lẹ̀ di èyí tí a gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kí a tó wọlé sí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, bí sáà bá ti parí, akẹ́kọ̀ọ́ kì í lè padà síbẹ̀ mọ́. Àti pé ilé ńlá pàápàá a máa yí ọwọ́ padà. Ní ọdún 2006, Blackboard parí ríra WebCT, orúkọ WebCT sì ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó di dandan fún àwọn yunifásítì tí ó ti kó ẹ̀kọ́ wọn sínú rẹ̀ láti kó ẹrù lọ sí ibòmíràn.

Ìpinnu MIT

Ibi tí ìtàn yìí ti kún jù lọ ni MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ní òpin ọdún 1999, ayé ń pariwo pé owó ńlá wà nínú títa ẹ̀kọ́ lórí ayélujára. Yunifásítì Columbia dá ilé-iṣẹ́ Fathom sílẹ̀ láti tà á. Àwọn aláṣẹ MIT náà yan ìgbìmọ̀ kan kí ó wo ọ̀nà tí àwọn yóò gbà wọ ọjà yìí. Ìgbìmọ̀ náà ṣírò títí, wọ́n rí i pé èrè náà kò dájú, wọ́n sì dá àbá tí ẹnikẹ́ni kò retí: kí a má tà á rárá, kí a fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2001, Charles Vest tí ó jẹ́ ààrẹ MIT kéde ètò náà, OpenCourseWare. Kò ṣèlérí oyè, kò sì ṣèlérí pé olùkọ́ yóò dáhùn ìbéèrè ará ìta. Ohun tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ni yóò wà níbẹ̀: ìlànà ẹ̀kọ́, àkọsílẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdánwò. Àjọ Hewlett àti àjọ Mellon fi mílíọ̀nù 11 dọ́là sílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú-ewé àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ 500 ti wà níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2007 fi ń parí lọ, ó ti di 1,800, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́ yunifásítì náà. Ní ti Fathom, ó ti kógbá wọlé láti ọdún 2003.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yin MIT fún ìlawọ́ rẹ̀. Ìlawọ́ nìkan kọ́ ni ó gbé iṣẹ́ náà ró. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé MIT kò sọ fún àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n lọ kọ́ ojú-ewé. Wọ́n gba òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Òṣìṣẹ́ náà yóò lọ bá olùkọ́ ní ẹ̀ka rẹ̀, yóò gba àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ó fi ọwọ́ kọ. Yóò wo àwòrán kọ̀ọ̀kan bóyá ti olùkọ́ ni tàbí ó yá a lò láti inú ìwé ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, yóò tọrọ àṣẹ, tàbí kí ó jẹ́ kí wọ́n tún irú rẹ̀ yà, tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Bí olùkọ́ bá tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀dà tuntun yóò wá sójú ìkànnì, ẹ̀dà àtijọ́ yóò sì lọ sínú àká ìwé ti MIT fúnra rẹ̀, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ ti lè rí i.

Iye tí èyí ń náni yẹ kí ó ya ẹni tí ó rò pé ojú-ewé kì í gba owó lẹ́nu. Ní ìgbà kan, nǹkan bí 10,000 sí 15,000 dọ́là ni wọ́n ń ná lórí ẹ̀kọ́ kan, ti èyí tí ó ní fídíò sì ń tó ìlọ́po méjì. Fún ìtọ́jú gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ni ó ń gbà nígbà náà. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Ẹni tí kò bá ní owó MIT lè dín ìwọ̀n iṣẹ́ náà kù, ṣùgbọ́n kò lè yọ òṣìṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìlẹ̀kùn tún padé

Yunifásítì California ní Berkeley rí ìyókù ẹ̀kọ́ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Berkeley ti ń gbé fídíò àti ohùn àwọn olùkọ́ rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní àkọlé ọ̀rọ̀ tí adití lè kà. Àwọn adití kan mú ẹjọ́ lọ bá ìjọba, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016 Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà sì sọ pé ohun tí yunifásítì náà ń ṣe kò bá òfin àwọn abirùn mu. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Berkeley yàn láti yọ ohun tí ó lé ní 20,000 kúrò níwájú ará ìta dípò kí ó náwó láti tún wọn ṣe. Ní ọdún 2022 ni wọ́n wá fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ìjọba pé ohun tí wọ́n bá gbé síta yóò wà fún abirùn pẹ̀lú.

Àwọn kan dá adití lẹ́bi pé wọ́n ba nǹkan ọ̀fẹ́ jẹ́. Ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Ilé tí a kọ́ láìro ti ẹni tí kò gbọ́ràn kò tíì parí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí fídíò kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ó jáde, owó kékeré ni ì bá gbà. Ọdún pípẹ́ tí a kò fi ṣe é ni ó sọ ọ́ di òkè.

Àká tí ó dé Jos, ẹ̀rọ tí ó dé Ilé-Ifẹ̀

Ní Nàìjíríà, ìṣòro mìíràn ni ó ṣáájú. Ní òpin àwọn ọdún 1990, Cliff Missen, ará Amẹ́ríkà kan, wá kọ́ni ní Yunifásítì Jos. Ó rí i pé ayélujára falẹ̀, ó sì wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí kò sí. Nígbà tí ó padà sí Yunifásítì Iowa, ó dá ètò WiderNet sílẹ̀, láti inú rẹ̀ ni eGranary ti jáde. Àká ni orúkọ náà túmọ̀ sí, àká àgbàdo gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n da àwọn ìkànnì ìmọ̀ kọ sínú ẹ̀rọ kan pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí ó ni wọ́n, títí kan ti MIT, wọ́n sì gbé e lọ sí yunifásítì tí kò ní ayélujára tí ó já fáfá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á láìra dátà kankan.

Àfiwé àká yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu. Àgbẹ̀ kì í kó àgbàdo sínú àká kí ó gbàgbé rẹ̀. Kòkòrò ń bẹ, eku ń bẹ, ọ̀rinrin ń bẹ. Ẹ̀dà tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ń gbó bí ti orí ayélujára ṣe ń yí padà, ó sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa gbé tuntun wọlé.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe ju kíkà lọ. Pẹ̀lú owó àjọ Carnegie, òun àti MIT àti yunifásítì Makerere ní Uganda àti ti Dar es Salaam ní Tanzania jọ ṣiṣẹ́ lórí iLabs, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ti orí ayélujára darí irinṣẹ́ gidi nínú yàrá ìwádìí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Ifẹ̀ kò dúró sórí lílo ti MIT. Wọ́n kọ́ irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Èyí fi hàn pé ọgbọ́n kíkọ́ kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ yìí rárá.

Yunifásítì orílẹ̀-èdè tí a ń kọ́ láti òkèèrè, NOUN, náà jẹ́ àpẹẹrẹ. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, wọ́n tì í ní 1984, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí i dìde lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé. Lónìí, àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórí ìkànnì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbà sórí fóònù, kódà fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ìwé náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, nítorí náà ìtọ́jú rẹ̀ wà lára iṣẹ́ yunifásítì náà.

Ohun tí ó kù

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa mìíràn, ilé lágbájá ni a ṣì wà. Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ń rìn láti orí fóònù kan sí òmíràn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, kò sì sí ẹni tí ó mọ èyí tí ó jẹ́ ẹ̀dà tuntun. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 2020, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tí ó sì parí ní oṣù Kejìlá, àti ti ọdún 2022 tí ó gba oṣù mẹ́jọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nílé kò ní ibi kan tí yóò yíjú sí láti mọ ohun tí ó kàn nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ojú-ewé kò lè rọ́pò olùkọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í du olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ì bá jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú.

Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè lọ́wọ́ yunifásítì kò pọ̀. Kí àdírẹ́sì ẹ̀kọ́ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe ti olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọ lọ́dún yìí. Kí ọjọ́ tí a tún un ṣe kẹ́yìn hàn lójú ìwé. Kí ojú-ewé fúyẹ́, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré tí dátà rẹ̀ sì ń tán lè ṣí i. Kí ẹ̀dà àtijọ́ wà níbi tí a lè rí i. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a dárúkọ ẹni kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀, kí a sì kà á sí iṣẹ́ fún un nígbà ìgbéga.

Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí Pew ní Amẹ́ríkà ròyìn pé nínú ojú-ewé 100 tí ó wà lórí ayélujára ní ọdún 2013, 38 ni a kò rí mọ́ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Kò sí ìjà kankan tí ó lé wọn lọ. Ẹni tí ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ló kúrò, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí baálé yóò bá kú tí ilé kò sì ní dahoro, ẹni tí yóò gba ọ̀já ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí ó tó lọ.